Rọ́ọ̀gì Irun Àgùntàn Tí A Fi Ewéko Pa Láró: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Láti Orí Fífọ Irun Dé Orí Òfì

Rọ́ọ̀gì tí mo hun yìí fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà, ó sì gùn tó 140. Híhun pẹlẹbẹ ni, kò ní irun tó yọ sókè lójú. Irun àgùntàn ni okùn òòró rẹ̀, irun àgùntàn náà ni okùn ìbú. Inú ewéko ni gbogbo àwọ̀ rẹ̀ ti jáde, àyàfi funfun àti dúdú, tí wọ́n jẹ́ àwọ̀ ara àgùntàn fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń pa òwú láró ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó mọ̀ ló máa ní láti tún wò. Òwú ti ara igi wá, irun ti ara ẹranko wá. Omi eérú líle tí òwú ń fara dà nínú ìkòkò aró, irun kò lè fara dà á.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè dán an wò. Ẹ ju okùn irun funfun kékeré kan àti okùn òwú kan sínú omi sódà kọ́sítíìkì tó ń hó, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi gíláàsì bo ojú. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, irun yóò yọ́ tán sínú omi náà, òwú yóò sì wà níbẹ̀. Látìgbà tí mo ti fi ojú ara mi rí i ni mo ti yí ọwọ́ padà lórí gbogbo ohun tó bá kan irun, láti orí ọṣẹ títí dé orí ìkòkò aró.

Oòrùn ló kọ́kọ́ yan àwọ̀

Rọ́ọ̀gì kì í gbé inú àpótí. Ilẹ̀ ló ń gbé, ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé sì ń bà á lójoojúmọ́. Nítorí náà, kí n tó ronú nípa àpẹẹrẹ tí n óò hun, mo fẹ́ mọ ewéko tó lè dúró. Mo pa okùn díẹ̀díẹ̀ sínú ajó, èèpo àlùbọ́sà, osùn, ẹ̀lú, àti ewéko méjì tí gbogbo aláró irun mọ̀: gbòǹgbò madder, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Rubia tinctorum, àti weld, ìyẹn Reseda luteola. Mo wé oríṣi kọ̀ọ̀kan mọ́ páálí gígùn, mo fi páálí mìíràn bo ìdajì rẹ̀, mo wá gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń pa tààrà.

Ajó ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó jáde nínú ìkòkò, kò sí yẹ́lò tó tàn tó o nínú gbogbo wọn. Kò pẹ́ rárá tí ìdajì tí oòrùn rí fi ṣá débi pé èèyàn kò ní gbà pé a ti pa á ní nǹkan kan rí. Èèpo àlùbọ́sà ṣá díẹ̀, ó sì ń lọ sí àwọ̀ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ osùn tún yàtọ̀: àwọ̀ inú rẹ̀ kì í fẹ́ yọ́ sínú omi, pupa tó sì fi sára irun ń di àwọ̀ igi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà á. Mo fẹ́ràn osùn gan-an, ṣùgbọ́n mi ò ní fi í sínú ohun tí mo fẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Lára ẹ̀lú àti madder, mo ní láti gbé páálí súnmọ́ ojú kí n tó rí ibi tí ìdajì kan ti pàdé èkejì. Weld ṣá, àmọ́ díẹ̀ ni, ó sì sàn ju gbogbo yẹ́lò yòókù lọ. Bí mo ṣe mú mẹ́ta nìyẹn, mo sì fi ìyókù sílẹ̀.

Àwọn ilé ìdánwò ní ìwọ̀n tiwọn: okùn irun aláwọ̀ búlúù oríṣi 8, tí 1 jẹ́ èyí tó ń tètè ṣá jù, tí 8 sì jẹ́ èyí tó lágbára jù. Wọ́n máa ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ń dán wò, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n jọ ṣá. Páálí ojú fèrèsé kò lè fún yín ní nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yóò sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ kú nínú wọn.

Àwọn èèyàn máa ń fi rọ́ọ̀gì Pazyryk ṣe ẹ̀rí pé aró ewéko kì í ṣá. Rudenko, awalẹ̀pìtàn ará Rọ́ṣíà, ló hú u jáde ní 1949 nínú sàréè kan ní òkè Altai ní Siberia, ó ti lé ní 2,000 ọdún nínú ilẹ̀, àwọ̀ sì ṣì wà lára rẹ̀. Ohun ìyanu ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yìnyín ló tọ́jú ìyẹn nínú òkùnkùn; kò sí oòrùn tó dán an wò. Èyí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju ìyẹn lọ ni àwọn rọ́ọ̀gì tí èèyàn lò, tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì fọ̀ léraléra. Harald Böhmer, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, yẹ aró inú irú àwọn rọ́ọ̀gì àtijọ́ ilẹ̀ Tọ́kì bẹ́ẹ̀ wò láti mọ ewéko tó mú wọn jáde. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ DOBAG ti bẹ̀rẹ̀ ní 1981 pẹ̀lú Yunifásítì Marmara, tí wọ́n dá aró ewéko padà sọ́wọ́ àwọn ahunrọ́ọ̀gì abúlé ní agbègbè Ayvacık. Gbòǹgbò madder wà láàárín àwọn ewéko tí wọ́n gbé ìdí iṣẹ́ náà lé.

Fífọ irun

Irun tí wọ́n ti ran sílẹ̀ ni mo rà, kìlógíráàmù 2. Rọ́ọ̀gì tó tó ìwọ̀n yìí máa ń gba bíi 1.8, ìyókù sì wà fún ìdánwò àti ìṣẹ́kù. Ọ̀rá ara àgùntàn ṣì wà lára okùn náà. Ẹ óò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ẹ óò sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Aró kò lè gba inú ọ̀rá kọjá. Mo gbé omi kaná tó 50°C, mo fi ọṣẹ olómi tí kò ní eérú sí i, mo ri okùn náà bọ inú rẹ̀, mo sì fi sílẹ̀. Kò sí fífi ọwọ́ ra, kò sí lílù. Ara fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ bí ara ẹja. Tí ooru, omi àti fífi ọwọ́ ra bá pàdé, àwọn ìpẹ́ náà á wọ inú ara wọn, okùn á sì dì pọ̀ mọ́ra di ohun tí kò ṣeé tú mọ́. Omi tútù tí a dà lu irun gbígbóná lójijì máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí omi ìṣanù gbóná tó omi tí irun ti kúrò.

Èyí tó mọ́ máa ń mu omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a sì rì. Èyí tó ṣì ní ọ̀rá á léfòó. Mo dá gbogbo èyí tó léfòó padà sínú omi ọṣẹ.

Álọ́ọ̀mù

Ẹ̀lú kò nílò álọ́ọ̀mù, àmọ́ madder àti weld kò lè ṣe é láìsí i. Álọ́ọ̀mù ló ń di irun mú lápá kan, tó ń di aró mú lápá kejì. Òwú máa ń fẹ́ kí a kọ́kọ́ fi omi èèpo igi tó korò bọ́ ọ kí álọ́ọ̀mù tó lè dúró lára rẹ̀ dáadáa. Irun kò béèrè ìyẹn.

Fún 100 gíráàmù irun gbígbẹ, mo lo álọ́ọ̀mù 15 gíráàmù àti cream of tartar 6 gíráàmù, ìyẹ̀fun funfun kíkan tó ń jẹ́ kí irun rọ̀, tó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ mọ́. Ẹ wọn irun nígbà tó gbẹ. Mo yọ́ méjèèjì nínú omi gbígbóná, mo dà á sínú ìkòkò ńlá, mo kó irun tútù sí i, mo sì jẹ́ kí iná gòkè díẹ̀díẹ̀ tó bíi wákàtí kan títí ó fi dé 85°C. Mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí kan sí i, mo pa iná, mo jẹ́ kó tutù mọ́jú nínú omi rẹ̀. Ìkòkò tí kì í pata ni kí ẹ lò, nítorí pé irin ìkòkò á wọ inú àwọ̀, á sì mú un ṣókùnkùn. Ìkòkò náà kò gbọdọ̀ padà sí ìdí oúnjẹ mọ́ láéláé.

Pupa

Pupa ni ilẹ̀ rọ́ọ̀gì yìí, nítorí náà òun ló gba irun jù: 800 gíráàmù irun, pẹ̀lú 640 gíráàmù gbòǹgbò madder lílọ̀. Gbòǹgbò yìí máa ń fẹ́ tó ọdún 3 nínú ilẹ̀ kó tó ní àwọ̀ tó pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí n kì í fi í ṣòfò. Mo rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú. Omi ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò ní ẹfun nínú, madder sì nífẹ̀ẹ́ ẹfun. Láìsí i, pupa rẹ̀ máa ń fì sí ọsàn. Mo bu ẹfun lílọ̀ ṣíbí kékeré kan sí i, mo sì rí bí omi náà ṣe yí láti àwọ̀ bíríkì sí àwọ̀ tó jinlẹ̀ bí mo ṣe ń rò ó.

Ooru ni gbogbo ẹjọ́ madder. Mo gbé irun sí i ní tútù, mo sì mú un gòkè pẹ̀lú sùúrù, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó kọjá 70°C. Tó bá kọjá ibẹ̀, àwọn àwọ̀ ilẹ̀ tó wà nínú gbòǹgbò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, pupa á sì di rẹ́súrẹ́sú. Mo jókòó tì í pẹ̀lú ohun ìwọn-ooru, mo ń dín iná kù, mo ń fi igi rọra yí irun po kí ó má baà pupa níbì kan kó sì funfun níbòmíràn. Nígbà tí mo gbé ìdì àkọ́kọ́ sókè, tí omi sì ń ro sílẹ̀ lára rẹ̀, pupa tó wà níbẹ̀ kò dá dúró lójú kan: bí mo ṣe ń yí i sí ìmọ́lẹ̀ ni ọsàn díẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀, tí elésè àlùkò sì ń yọ níbi tó ti ká kò.

Ohun tó fà á rèé. Graebe àti Liebermann, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Jámánì, ti mọ bí a ṣe ń ṣe alizarin, olórí aró inú madder, láti ara ọ̀dà èédú ní 1868. Èyí tí wọ́n ṣe náà àti èyí tó wà nínú gbòǹgbò, ọ̀kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n alizarin nìkan kọ́ ló wà nínú gbòǹgbò. Purpurin, aró pupa mìíràn, wà níbẹ̀, àwọn àwọ̀ yẹ́lò àti àwọ̀ ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì jọ ń wọ inú irun lẹ́ẹ̀kan náà. Pupa tí mo ń wá wà nínú ìdàpọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sanwó gbòǹgbò.

Ìdajì ìdajì ni mo pa 800 gíráàmù yẹn, nítorí pé ìkòkò mi kò gbà á tán. Ìdajì kejì mọ́lẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ óò rí ìlò rẹ̀ nígbà tí a bá dé orí òfì. Omi tó kù ṣì lágbára, mo pa 150 gíráàmù sí i nínú rẹ̀, ó sì jáde ní ọsàn tó rọ̀ tí mo fi sínú àpẹẹrẹ.

Yẹ́lò

Èyí kò ní wàhálà. Weld gbígbẹ tó wúwo tó irun fúnra rẹ̀, ẹfun díẹ̀, omi gbígbóná tí kò hó. Yẹ́lò tó mọ́ tónítóní ló jáde. Nítorí páálí ojú fèrèsé, mo pinnu pé n kò ní fi yẹ́lò ṣe ibi tó fẹ̀. Inú àwọn àmì kéékèèké nìkan ló wà.

Aró

Ibí ni ẹni tó mọ aró òwú ti máa ní láti gbàgbé nǹkan jù. Àwọ̀ inú ẹ̀lú kì í yọ́ sínú omi. A ní láti mú afẹ́fẹ́ kúrò nínú ìkòkò kó tó yọ́, omi náà sì gbọ́dọ̀ ní eérú tàbí sódà nínú. Fún òwú, eérú náà lè le gan-an. Fún irun, mi ò jẹ́ kí pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí eérú inú omi ṣe le tó, kọjá láàárín 9 sí 10, mo sì ń fi pépà ìdánwò wò ó lójoojúmọ́.

Ìkòkò aró tó ń kan díẹ̀díẹ̀ ni mo yàn, torí pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lára irun: sódà ìfọṣọ, eèrí àlìkámà, madder lílọ̀ díẹ̀ àti ẹ̀lú lílọ̀. Eèrí àti madder jẹ́ oúnjẹ fún àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gba afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi náà. Mo fi aṣọ nípọn wé ìkòkò, mo sì ń tọ́jú ooru rẹ̀ ní nǹkan bíi 40°C. Tó bá tutù jù, àwọn kòkòrò náà á sùn. Tó bá gbóná jù, wọ́n á kú. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà, ó di òórùn tó kan tó sì dùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán bí bàbà bo ojú rẹ̀. Mo fi ṣíbí yẹ ẹ́ sápá kan, omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ yẹ́lò tó fì sí àwọ̀ ewé. Aró ti dé nìyẹn.

Mo ri irun tútù tí mo ti fún omi rẹ̀ kúrò bọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ kí omi ta, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó bá wọlé á ba ìkòkò jẹ́. Ó gbé ibẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 10. Nígbà tí mo yọ ọ́, yẹ́lò ló jẹ́. Kí n tó ká a tán lórí igi, etí ìdì náà ti di àwọ̀ ewé, láti ibẹ̀ ni búlúù sì ti ń rìn lọ sí àárín. Mo jẹ́ kó sinmi nínú afẹ́fẹ́ kí n tó tún rì í. Rírì kúkúrú lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin sàn ju rírì gígùn kan lọ, nítorí pé aró tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sójú okùn lásán ni yóò máa ra mọ́ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ lẹ́yìn ọ̀la. Èyí tí mo rì lẹ́ẹ̀kan di ayinrin. Èyí tí mo rì léraléra ṣókùnkùn tó fún etí rọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo ṣan wọ́n nínú omi tí mo bu ọtí kíkan díẹ̀ sí, kí sódà má baà kù sára irun.

Fún àwọ̀ ewé, mo kọ́kọ́ pa irun láró di ayinrin, mo fọ̀ ọ́, mo fún un ní álọ́ọ̀mù, mo wá gbé e sínú weld. Àwọn kan ń fi yẹ́lò ṣáájú. Tèmi ni pé sódà inú ìkòkò aró lè fa álọ́ọ̀mù kúrò lára irun, kí ló wá dé tí n óò fi fi í wéwu? Weld kò sì gbọ́dọ̀ kéré nínú rẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ aṣọ ìkọ́ògiri àtijọ́, yẹ́lò ti ṣá kúrò lára igi àti koríko, búlúù nìkan ló kù níbẹ̀.

Ìdí tí n kò fi pa dúdú

Aláró lè fi omi irin àti èèpo igi tó korò pa irun ní dúdú, ó sì máa ń dára lójú gan-an. Ẹ wá rọ́ọ̀gì àtijọ́ kan tí wọ́n pa bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ra ojú rẹ̀. Ibi pupa àti búlúù ṣì ga, ibi dúdú ti jẹ wọnú bí ìlà tí wọ́n gbẹ́ sínú igi, nítorí pé irin ń jẹ irun láti inú. Mi ò fẹ́ kí ìlà àpẹẹrẹ mi jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tó máa já. Irun àgùntàn dúdú ni mo lò, láìpa á ní ohunkóhun. Ní tòótọ́, àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn ni, kì í ṣe dúdú kirikiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa madder ó sì bá ojú mi mu ju dúdú lọ.

Lórí òfì

Òfì ìnàró ni. Okùn òòró 3 ni mo fi sí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 270 ní gbogbo ìbú rẹ̀, mo sì ṣe é ní onímejì méjì ní etí méjèèjì kí etí lè le. Okùn kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 2.2, kí ó lè ku èyí tí n óò fi ṣe ìṣẹ́tí. Irun tí wọ́n ran le koko ló yẹ fún òòró. Mo fà á títí gbogbo rẹ̀ fi dún bákan náà nígbà tí mo fi ìka ta á.

Nínú irú híhun yìí, okùn ìbú ló ń bo òòró pátápátá, nítorí náà okùn ìbú kò gbọdọ̀ lọ tààrà. Tó bá lọ tààrà, a fa etí wọlé, rọ́ọ̀gì tó bẹ̀rẹ̀ ní 90 á sì di 84 kí ẹ tó dé àárín. Mo máa ń jẹ́ kó tẹ̀ sókè láàárín kí n tó fi òòyà onírin tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀; òòyà náà wúwo, ìwúwo rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe apá mi. Mo fi igi tí mo gé sí ìwọ̀n 90 gan-an wọn ìbú lóòrèkóòrè.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ jẹ́ igun mẹ́rin tó ń gun àtẹ̀gùn, ìdí sì wà fún ìyẹn. Níbi tí àwọ̀ méjì bá ti pàdé, tí àwọn méjèèjì sì ń yí padà lára okùn òòró kan náà léraléra, àlàfo máa ń ṣí sáàárín wọn. Àlàfo kékeré kò burú, òun ló ń jẹ́ kí etí àwọ̀ mọ́ kedere. Tó bá ga jù, ẹsẹ̀ àga á wọ ibẹ̀, á sì fà á ya. Mi ò jẹ́ kí àlàfo kankan ga ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ kí n tó sún àwọ̀ náà kọjá sórí okùn tó tẹ̀lé e. Bí àtẹ̀gùn ṣe ń jáde nìyẹn.

Pupa méjèèjì tí mo pa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wá dé ibi iṣẹ́. Mi ò dúró kí ọ̀kan tán kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, torí ìlà kan yóò là á já lójijì. Mo ń pààrọ̀ wọn: ìlà méjì ti àkọ́kọ́, ìlà méjì ti ìkejì, títí èyí tó mọ́lẹ̀ fi gba iwájú. Àwọn ahunrọ́ọ̀gì ń pe ìyípadà bẹ́ẹ̀ ní abrash, ọ̀pọ̀ rọ́ọ̀gì àtijọ́ ló sì ní in. Ojú kì í rí i bí ẹni pé ó yí padà. Ilẹ̀ pupa náà ṣáà ń mí ni.

Gígé àti fífọ ìkẹyìn

Kí n tó gé e, mo hun ìlà díẹ̀ tó nípọn pẹ̀lú irun funfun lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́yìn tí mo gé e, mo di ìṣẹ́tí rẹ̀ ní òwọ́ mẹ́rin mẹ́rin, mo sì ti kókó rẹ̀ mọ́ ìdí. Mo fọ̀ ọ́ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Omi àkọ́kọ́ ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ láti ara etí, ìkẹta mọ́. Pupa kò jáde rárá. Mo tẹ́ ẹ lórí pátákó, mo fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí igun rẹ̀ lè dọ́gba, mo sì jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òjìji. Nígbà tó gbẹ, ó fẹ̀ tó 89, ó sì gùn tó 137.

Fún ìtọ́jú rẹ̀, kí ẹ má ṣe lo ìyẹ̀fun ìfọṣọ tí wọ́n fi enzyme sí. Enzyme tó ń jẹ àbàwọ́n ẹyin àti ẹ̀jẹ̀ ń jẹ irun náà, torí pé irú ohun kan náà ni wọ́n. Ọṣẹ tí mo fi fọ irun kó tó wọ ìkòkò ni mo fi ń fọ̀ ọ́, mo sì ń yí orí rẹ̀ padà sí ìdí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kí oòrùn lè kan ìdajì méjèèjì bákan náà.